Ìmọ̀ Wà Lọ́fẹ̀ẹ́, Iná Kò Sí Lọ́fẹ̀ẹ́: Ìtàn Àwọn Tó Ń Dá Ara Wọn Lẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà Nílé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà ìlú ńlá fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú kékeré lóde òní. Wọ́n á ní, "Gbogbo ìmọ̀ ayé ti wà lórí fóònù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, bí o kò bá mọ nǹkan kan, ọ̀lẹ ni ọ́." Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé Òtu, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, kí a sì bi ara wa léèrè ohun tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ó tó lè jókòó sílé kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kíá ni a ó rí i pé ẹjọ́ náà kò rọrùn tó bí a ṣe ń dá a.

Òtu kì í ṣe ìlú tí ìròyìn máa ń dárúkọ lójoojúmọ́. Ó wà lókè Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ti ń ṣe dáadáa, tí àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó sì ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láìmọ ibi tó ti wá. Ọ̀dọ́ tó bá jáde ìwé mẹ́wàá níbẹ̀ lè gba oko lọ, ó lè gun ọ̀kadà, ó lè kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ó sì lè wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni ọ̀nà mìíràn ti kún àwọn wọ̀nyí: kíkọ kóòdù. Kóòdù ni àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ fún kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń rán ọmọ tí kì í ronú fúnra rẹ̀ níṣẹ́, tí a gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò ti yà àti ibi tí yóò ti dúró fún un. Ẹni tó bá gbọ́ iṣẹ́ náà lè jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ ní Òtu kí ó máa gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bóyá ọmọ yóò dúró nílùú tàbí yóò lọ wà nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí a wo bí àwọn tó ṣáájú ṣe dá ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ilẹ̀kùn tó tì kì í ṣe ọ̀kan náà láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà kan, ẹ̀rọ ni kò sí. Nígbà mìíràn, ìwé ni kò sí. Lónìí, iná, dátà àti ẹni tí a lè bi léèrè ló wọ́n.

Kíkẹ́kọ̀ọ́ nílé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti gbà kí ẹni tí kò wọ ọgbà rẹ̀ rí ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Nígbà tó di ayé àwọn bàbá wa, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ onílẹ́tà bíi Wolsey Hall ní Oxford àti Rapid Results College ń fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ẹni náà yóò kàwé lábẹ́ àtùpà, yóò kọ ìdáhùn, yóò fi í ránṣẹ́, yóò sì dúró de ọkọ̀ ojú omi kí ó tó mọ̀ bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í. Ọ̀nà yìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ìṣòwò ní 1944, kí ó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin. Ó ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe oníròyìn, ó ti ṣòwò, ó sì ti ní ìdílé. Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìbàdàn kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1948.

Ẹ kíyè sí ohun méjì nínú ètò onílẹ́tà yìí. Ẹnì kan wà lókè òkun tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, tó sì ń tọ́ka sí ibi tó ti ṣìnà. Bákan náà, ìwé-ẹ̀rí tó wà ní ìparí rẹ̀ jẹ́ èyí tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ gbà láìjanpata. Àwa tí a ń fi àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ òde òní máa ń gbàgbé pé wọn kò dá wà pátápátá.

Ní ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, orí ètò ìkànìyàn 1962 àti 1963 ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàárín àwọn ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé lé itan. Odidi yàrá ni ó ń gbà, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ máa fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru, orí páálí tí a lu ihò sí ni a sì ń kọ àṣẹ rẹ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ìdì páálí rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, yóò sì padà wá gba èsì nígbà tó bá yá. Bí ihò kan bá wà níbi tí kò yẹ, ó di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ire. Kò sí ẹni tó lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ nílé, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó.

Kí n yà díẹ̀ lójú ọ̀nà: inú iṣẹ́ aṣọ híhun ni páálí oníhò yìí ti wá. Ará Faransé kan, Joseph Marie Jacquard, ló lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti máa sọ fún ẹ̀rọ ìhunṣọ irú òwú tí yóò gbé sókè àti irú èyí tí yóò fi sílẹ̀, kí ọnà lè jáde lára aṣọ. Herman Hollerith wá lo páálí oníhò láti ṣírò àwọn ará Amẹ́ríkà nínú ìkànìyàn 1890, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di IBM. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn tó ń ka òwú rẹ̀, tó mọ̀ pé lẹ́yìn búlúù mẹ́ta ni funfun méjì ń bọ̀, tó sì ń tún un ṣe bẹ́ẹ̀ títí iye rẹ̀ yóò fi pé, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kóòdù ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ gan-an ló ń ṣe. Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí Òtu. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì rí olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan tó fi òfì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rọ wọ inú ilé ni dídá kóòdù kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ibòmíràn ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1964, John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní BASIC ní ilé-ẹ̀kọ́ Dartmouth ní Amẹ́ríkà, kí àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lè rí i lò. Nígbà tó di 1981, ẹ̀rọ kékeré Sinclair ZX81 ti wà lórí àtẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní owó tí kò tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ọmọ yóò so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n inú ilé, yóò ṣí ìwé ìtọ́ni tó bá a wá, yóò sì máa tẹ BASIC. Ní tiwa, ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀-ajé dé, náírà já wálẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí kọjá ohun tí owó oṣù olùkọ́ lè rà. Ìran tó fi ẹ̀rọ ìṣeré di ọ̀gá iṣẹ́ yìí níbòmíràn ni ìran tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ wọn níbí kò rí kọ̀ǹpútà rí àyàfi nínú àwòrán.

A kò lè fo Philip Emeagwali dá nínú ìtàn yìí. Ọmọ Ìgbò ni, Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí ní 1954. Ogun abẹ́lé lé e kúrò nílé-ẹ̀kọ́, ó sì dá ìwé kà títí ó fi yege ìdánwò GCE ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1974. Ní 1989 ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell fún ìṣirò tó dá lórí epo rọ̀bì inú ilẹ̀, èyí tó fi ẹ̀rọ kan tó so ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọpọlọ kọ̀ǹpútà pọ̀ ṣe. Àwọn kan máa ń pè é ní bàbá íntánẹ́ẹ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀, àsọdùn náà kò sì ṣe é lóore, nítorí ohun tó ṣe gan-an tó í yangàn.

Íntánẹ́ẹ̀tì tó wá ṣí ilẹ̀kùn náà ní tirẹ̀, Tim Berners-Lee ló gbé àbá ojú-ewé ayélujára kalẹ̀ ní 1989, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1993. Ìwà kan wà nínú ohun tó ṣe tí àwọn ènìyàn kì í sábà yìn: ẹnikẹ́ni tó bá ń wo ojú-ewé kan lè ní kí ẹ̀rọ fi kóòdù tí wọ́n fi ṣe é han òun. Ó dà bí ẹni pé gbogbo aṣọ ọjà ní ọnà ìhunṣọ rẹ̀ nínú àpò. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣe kọ́ HTML. Wọ́n wo ti ẹlòmíràn, wọ́n dà á kọ, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ibo ni a ti fẹ́ rí i wò? Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà. Glo tẹ̀lé wọn ní 2003, ó sì mú kí a máa sanwó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ṣáájú kí fóònù tó lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ilé káfé ni gbogbo ènìyàn ń lọ. Ẹni bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ yóò ra wákàtí, yóò sì kó ojú-ewé tó bá rí sórí dísìkì kí àkókò tó tán. Àwọn mìíràn ń san owó àṣemọ́jú, nítorí pé ó dín ní iye lóru, iná kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń ṣe bí ọmọ tó ń binú. Ìgbà yẹn, ní oṣù Kẹta 2005, ni Ṣeun Ọ̀ṣéwá bẹ̀rẹ̀ Nairaland, tí ó di ọ̀kan lára àwọn ojú-òpó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń bẹ̀ wò jù lọ, ó sì ní abala tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kóòdù ti ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn ọmọ Wapka. Ìwé ìtàn kankan kò dárúkọ wọn. Ní nǹkan bí 2008 sí 2012, nígbà tí fóònù kékeré onítẹ̀ǹtẹ̀ ti lè gbé Opera Mini, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama káàkiri Nàìjíríà ń lo Wapka àti XtGem láti kọ́ ojú-òpó tiwọn: ibi tí wọ́n ti ń pín orin, ibi tí wọ́n ti ń pín eré fóònù, ibi ìtàkùrọ̀sọ. Ojú fóònù náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Orí bọ́tìnì kan ni lẹ́tà mẹ́ta wà, nítorí náà kí wọ́n tó tẹ ìlà HTML kan, àtàǹpàkò a ti máa dùn wọ́n. Àmì kékeré tó bá sọnù nínú ìlà náà, gbogbo ojú-ewé a dàrú, wọn a sì máa wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ìyẹ̀pẹ̀. Kò sí olùkọ́, kò sí ìwé-ẹ̀rí, àwọn òbí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ọmọ ń tẹ̀. Bí ọ̀kan bá mọ ọ̀nà tuntun, èkejì á bẹ̀ ẹ́ kí ó fi kóòdù rẹ̀ hàn án. Ẹgbẹ́ ọmọ iṣẹ́ láìní ọ̀gá ni wọ́n.

Elvis Chidera jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ayé. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ bí òun ṣe kọ́ kóòdù lórí fóònù Nokia kékeré, láìní kọ̀ǹpútà, tí òun sì ń kọ ètò fún fóònù náà lórí fóònù náà, títí òun fi dé ẹnu iṣẹ́ ní dot Learn, ilé-iṣẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT jáde. Iṣẹ́ dot Learn ni láti fún fídíò ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀ kí dátà táṣẹ́rẹ́ lè gbé e. Ẹni tí dátà ti pọ́n lójú rí ló wá ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín in kù.

Lẹ́yìn náà ni wáyà abẹ́ òkun dé. SAT-3 ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà, ó sì wọ́n bí ojú. Arábìnrin Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́, tó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, padà wálé, ó dá MainOne sílẹ̀, ó sì fa wáyà tó tó 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Potogí wọ Èkó ní 2010. Glo-1 náà dé láàárín àkókò náà. Owó íntánẹ́ẹ̀tì já wálẹ̀ ní Èkó. Àmọ́ etí òkun ni wáyà ń gúnlẹ̀ sí, Òtu kò sì sí létí òkun. Láti Èkó dé Òkè-Ògùn, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ fa tirẹ̀, ibi tí èrò bá pọ̀ ni oníṣòwò sì kọ́kọ́ ń fà á lọ.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ bí omi láàárín ọdún díẹ̀. MIT ti kéde ní 2001 pé òun yóò gbé ẹ̀kọ́ òun sórí ayélujára láìgbowó. YouTube dé ní 2005, Codecademy ní 2011, Coursera àti edX ní 2012, tí ẹ̀kọ́ CS50 ti ọ̀jọ̀gbọ́n David Malan ní Harvard sì tibẹ̀ dé yàrá ẹni gbogbo. FreeCodeCamp tẹ̀lé wọn ní 2014. Ire Aderinokun, tó kàwé nípa ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Bristol, kò kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Eré orí ayélujára kan, Neopets, ló kọ́kọ́ mú un mọ HTML lọ́mọdé, ó sì ń dá ara rẹ̀ kọ́ lọ títí ó fi di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Google pè ní ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí. Ó sì ń kọ ohun tó bá mọ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kà.

Ní 2014 ni Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Iyinoluwa Aboyeji wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ohun tuntun tí wọ́n mú wá ni pé wọ́n ń san owó fún ọ̀dọ́ láti kọ́ṣẹ́, wọn kò sì béèrè pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́ ní yunifásítì. Orúkọ wọn kàn dé ibi tí Mark Zuckerberg fi wá sí Èkó ní oṣù Kẹjọ 2016. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kàwé lórí ayélujára nílé ní nǹkan tí wọ́n ń lé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bí 400 lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya, nítorí pé àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni oníbàárà ń fẹ́. N kò bá wọn jà. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń sọ fún ọmọ Òtu pé oṣù mẹ́fà péré ni yóò fi di olówó rántí ọjọ́ náà. Kíkọ́ iṣẹ́ kò ṣòro tó bíi kí ẹnì kan gbà ọ́ sí ipò àkọ́kọ́ rẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò ohun tí ọ̀fẹ́ ń ná ni. Kọ̀ǹpútà ń fẹ́ iná. Òkè-Ògùn ti ń ké lórí ọ̀rọ̀ iná láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1983, nígbà ìjọba Ṣéù Ṣàgàrí, ni iṣẹ́ ìsédò Ìkẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí odò Ògùn nítòsí Ìsẹ́yìn. Iná mànàmáná wà lára ohun tí wọ́n ní yóò mú wá. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí omi kún ibẹ̀ tí iná ibẹ̀ kò tàn. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "Áì bẹ́tà pás mai néíbọ̀" ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó di ohun tó lé ní ₦480. Kí ọdún 2024 tó parí ó ti kan ẹgbẹ̀rún kan náírà. Dátà náà kò gbẹ́yìn: ní oṣù Kìíní 2025, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ìdajì owó lé owó wọn. Fídíò ẹ̀kọ́ wákàtí kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní California ti di epo àti dátà kí ó tó parí ní Òtu. Ọmọ náà kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀kan kí ó yé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni.

Ìnáwó kan tún wà tí kì í ṣe tówó. Ọmọ tó bá ń jí lóru pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, tí kì í jáde, tí owó dọ́là sì wá wọlé fún un lọ́jọ́ kan, kí ni àdúgbò yóò pè é? Ọmọ Yahoo. N kò dá àwọn ìyá wa lẹ́bi, nítorí ìwà jìbìtì náà wà nílẹ̀, inú káfé àṣemọ́jú kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì sì ti jáde. Àmọ́ ó dé ibi tí ọlọ́pàá ń dá ọ̀dọ́ dúró lójú pópó nítorí pé kọ̀ǹpútà wà nínú báàgì rẹ̀. Ní 2019, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà gbé ìpolongo dìde tí wọ́n pè ní StopRobbingUs lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún kejì ni EndSARS bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò ní ìwé-ẹ̀rí, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kí ni yóò fi han ọlọ́pàá? Ọmọ ẹ̀kọ́ onílẹ́tà ayé Awólọ́wọ̀ ní lẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́.

Ti èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pátápátá, Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fi ìmú sọ kíákíá. Ọmọ Yorùbá kan ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà tó pè ní Yorlang, nínú èyí tí ènìyàn ń kọ "sọpé" nígbà tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ sọ nǹkan jáde, "jẹ́kí" nígbà tó bá fẹ́ fún nǹkan lórúkọ, àti "iṣẹ́" fún ìdì àṣẹ tí a fẹ́ máa pè padà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ nítorí Yorlang. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i pé "jẹ́kí" ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń sọ túmọ̀ sí, ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì tó kù kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ afèsì bíi ChatGPT ti dé ní ìparí 2022, àwọn kan ní kò sí ohun tí ọmọ kò lè béèrè mọ́. Òótọ́ ni dé ìwọ̀n kan. Ẹni tí kò mọ̀nà kò mọ ìbéèrè tí yóò bi ẹ̀rọ náà, kò sì ní mọ̀ nígbà tó bá purọ́ fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tí a lè bi léèrè. Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ nínú yàrá lóun nìkan. Ọmọ iṣẹ́ ń jókòó ti ọ̀gá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń bá a wí, ọjọ́ sì ń pé tí wọ́n ń ṣe fìríídọ̀ọ̀mù fún un níṣojú ìyá àti bàbá. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní oṣù Kẹwàá 2023 lábẹ́ mínísítà Bọ́sún Tìjání, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àbá rere ni. Ohun tí mo ń wò ni bóyá yóò dé ibi tí ọmọ kò ti ní rìn ju ẹsẹ̀ bàtà lọ kó tó rí ẹni tó ń kọ́ ohun kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Pólítẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, LAUTECH sì ti ní ọgbà ní Ìsẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè máa wá sí Òtu ní ọjọ́ Sátidé bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fún wọn ní owó ọkọ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó, pẹ̀lú sólà lórí òrùlé rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́wàá. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí nẹ́tíwọọ̀kì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí a ń pè ní Kiwix tí ó lè gbé odidi Wikipedia àti ìbéèrè pẹ̀lú ìdáhùn Stack Overflow sórí dísìkì kan, kí ènìyàn máa kà á láìná dátà kankan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan, SAT-3 àti MainOne wà lára wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ségesège káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, báńkì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbàárà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Èkó jókòó tẹtẹrẹ. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórí dísìkì lọ́jọ́ náà ń ka tirẹ̀ lọ.